Owó Kérésì fún àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ àti ọmọ àdúgbò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Télọ̀_Àpáta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Télọ̀ ni mí ní Àpáta, Ìbàdàn níbí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, kàn ṣàdédé wú, a rò pé eyín ni, a ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín wá ń mì lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ojú ẹ̀ kan ti fẹ́ẹ̀ dí. Ìgbà tá a dé ọsibítù ni wọ́n sọ pé jẹjẹrẹ ni, Burkitt ni wọ́n pè é. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ọmọ yẹn ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí, ó ti já bàtà méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Látìgbà náà, tó bá ti di oṣù kọkànlá, mo máa ń gbé kóló kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, ẹni tó bá wá gba aṣọ Kérésì á ju nǹkan sí i. Lọ́dún tó kọjá a rí ₦312,000. Mo fi ra ìrẹsì, adìyẹ, bisikíìtì àti fìlà pupa Bàbá Kérésì, a gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, a pín ìyókù fún àwọn ọmọ àdúgbò wa. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Àfi bí ìyá kan ṣe rọra fà mí lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù sí i, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò lè gbé nǹkan kan mì, inú ẹnu ẹ̀ ti bó." Ó ní kí ọmọ lanu. Ahọ́n ẹ̀ pupa bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó awọ ẹ̀, mo wá rántí iye ata rodo tí mo lọ̀ sínú ìrẹsì yẹn.

Ọdún yìí mo fẹ́ ṣe é dáadáa. Báwo ni mo ṣe máa rí owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, báwo ni mo sì ṣe máa ná an tí ò ní dà bíi pé mo kàn lọ ya fọ́tò? Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n lọ dá NGO sílẹ̀, mi ò lágbára ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ata yẹn bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́ jù, ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo lò ní wọ́ọ̀dù ọmọdé kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tí wọn ò gbé wá bá wa rí nígbà Kérésì, ẹnì kan tiẹ̀ gbé ẹ̀pà sísun wá fún àwọn ọmọ tí eyín wọn ń mì. Ọmọ tó bá gba kímò lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀kọ mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kọ́sítáàdì, wàrà, ẹyin bíbọ̀ tí wọ́n rún kúná, irú ẹ̀ ló lè gbé mì. Kó má gbóná, kó má láta.

Nǹkan tí ẹ̀yin ará ìta ò sì mọ̀ ni pé kímò ò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́, bó ṣe ń pa jẹjẹrẹ náà ló ń pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbèjà ọmọ. Ọ̀fìnkìn tí ọmọ tìẹ máa fi ọjọ́ méjì sín dànù lè dá tàwọn yẹn dùbúlẹ̀ tí wọn ò ní dìde mọ́. Nítorí náà, èèyàn ogún tó ń kọ káróòlù wọ wọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹni méjì ti tó, kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó wọlé, ẹni tó bá ń wúkọ́ kó jókòó sílé. Bèbí onírun àlòkù, ẹ fi sílẹ̀, kò ṣeé fọ̀ mọ́ tán. Ìwé tí wọ́n ń kùn àti krayọ́ọ̀nù dáa, nǹkan ìṣeré oníke tó ṣeé fi ọṣẹ fọ̀ náà dáa.

Kó o tó ra ohunkóhun, lọ bá mátírọ́nù wọ́ọ̀dù àti àwọn sóṣà-wẹ́fíà ọsibítù. Àwọn ló mọ ọmọ tí wọ́n ti kọ tẹ́ẹ̀sì fún látọjọ́ Ẹtì tí bàbá ẹ̀ ṣì ń sọ pé òun ń bọ̀. "Kí lẹ nílò lọ́sẹ̀ yìí?" ni kó o bi wọ́n. Tó o bá bi àwọn ìyá pé "kí ni kí n gbé wá?", bisikíìtì ni wọ́n á sọ, kí wọ́n má bàa dà bí alágbe lójú ẹ. Tó o bá fẹ́ san owó, gba nọ́ńbà káàdì ọmọ náà, lọ san án lọ́dọ̀ kàṣíà fúnra ẹ, gba rìsíìtì.

Ó ku ohun kan tí kì í ṣe owó. Ẹ̀jẹ̀. Nígbà tiwa, oṣù Kejìlá ló máa ń wọ́n wa jù torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń fún wa ti lọlé. Ẹni tára ẹ̀ bá dá nínú àwọn kọ́sítọ́mà ẹ, tí ò sì lówó, kó lọ na apá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n tún fi èyí kún un kí n tó gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá ń ya ọmọ kékeré ní fọ́tò Kérésì, tí fláàṣì tàn, tí ojú kan pupa tí ìkejì ń kọ funfun bí ojú ológbò lóru, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Jẹjẹrẹ ojú kan wà tó máa ń fi ara ẹ̀ hàn bẹ́ẹ̀, àwọn tí ò tí ì pé ọdún márùn-ún ló ń mú jù, ó sì ṣeé wò tí wọ́n bá tètè rí i.

Pọfpọ́f_Peckham

Mọ̀mí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an mà. Fọ́tò ojú yẹn, mo ti lọ wo gbogbo fọ́tò àwọn ọmọ mi lórí fóònù nísinsìnyí, àyà mi ṣì ń já.

Àǹtí Télọ̀, London lèmi wà, àwọn arúgbó ni mo ń tọ́jú. Níbi iṣẹ́ wa, tó bá ti di December, wọ́n máa ń ṣe Christmas Jumper Day, ẹgbẹ́ Save the Children tó ń ràn ọmọdé lọ́wọ́ ló dá a sílẹ̀ ní 2012, ẹ máa wọ súwẹ́tà Kérésì tó bá rí wúruwùru jù lọ wá síbi iṣẹ́, ẹ ó sì san nǹkan díẹ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ rí i mo rò pé orí wọn ti yí, mánìjà wa wọ súwẹ́tà tí iná ń tàn yẹ́ríyẹ́rí láyà ẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀bù fóònù. Àmọ́ owó jọ, ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ lè ṣe tiyín pẹ̀lú aṣọ tí télọ̀ bàjẹ́ o 😂 kí olúkúlùkù wọ aṣọ tí télọ̀ bà á jẹ́ jù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó san ₦500.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe wá. Lọ́dún tó kọjá, èmi àtàwọn ìyá ìjọ dín pọfpọ́f lẹ́yìn káróòlù, a tà á fún ẹgbẹ́ tó ń rí sí jẹjẹrẹ níbí. Bọ̀dá kan ní ká bá wọn fi Gift Aid sí i. Ìjọba ibí máa ń fi 25p lé gbogbo £1 tí ẹni tó ń san owó orí bá fi tọrẹ, £10 á di £12.50. Inú wa dùn, a kọ fọ́ọ̀mù títí ọwọ́ fi ń ro wá, ó wá di pé kò ṣeé ṣe. Ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀bùn. Ẹni tó sanwó tó gba pọfpọ́f ti jẹ pọfpọ́f ẹ̀, ọjà ló rà. Ráfù, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rà bóyá wọ́n á jẹ ẹ̀bùn, náà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí tábìlì méjì la máa gbé sílẹ̀, ọ̀kan fún ọjà, ọ̀kan fún ẹni tó kàn fẹ́ fi owó sílẹ̀ tó máa kọ fọ́ọ̀mù. Ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nìkan ló sì ń rí Gift Aid gbà, owó tá a bá fi ránṣẹ́ sí ákáǹtì Àǹtí Télọ̀ tààrà ò sí níbẹ̀. Ẹ sì má sáré ṣí GoFundMe, ibi tí wọ́n ti ń dáwó jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé báǹkì Nàìjíríà lẹ fẹ́ fi gbà á, ẹ kọ́kọ́ wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé garawa dúró lójú títì, ẹ lọ gba ìwé àṣẹ. Wọ́n lé wa níwájú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lójú gbogbo ayé, èmi tí mo wé gèlè!

Àmọ́ o, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwa tókè òkun dá owó, ẹ máa ya fọ́tò àwọn ọmọ náà ránṣẹ́. Láìsí fọ́tò kò sẹ́ni tó máa gbà gbọ́.

Ìyá_Ọmọ_Bẹ́ẹ̀dì

Mo ti ń kà yín bọ̀ látàárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí kàn mí.

Ọmọ mi ọkùnrin wà lórí ìtọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan. Àwọn kan wá lọ́jọ́ ọdún, wọ́n gbé ẹ̀bùn dání, wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín, kó gbé ẹ̀bùn sókè díẹ̀, kó tún un ṣe. Irun ti tán lórí ẹ̀ nígbà yẹn. Ní oṣù Kejì ẹnì kan fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ti fi nọ́ńbà ákáǹtì tí mi ò mọ̀ rí sábẹ́ ẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ kú, ẹ ràn án lọ́wọ́. Ọmọ mi ò kú. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ti rí i kó tó padà sílé ìwé. Ọjọ́ tó padà, wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ṣé òkú ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rí fọ́tò kẹ́ ẹ tó dáwó, mi ò bá yín jà, mo mọ̀ pé oníjìbìtì pọ̀. Ẹ ya rìsíìtì. Ẹ ya páálí kọ́sítáàdì. Ẹ fi ojú ọmọ wa sílẹ̀.

Èkejì, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n December ni gbogbo yín ń rántí wa. Lọ́dún tó kọjá ẹgbẹ́ mẹ́fà ló wá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, a ò ríbi to ìrẹsì sí. Láti ọjọ́ kejì January títí di Ọjọ́ Àjíǹde, kò sẹ́ni tó yọjú. Ìyá kan wà tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kọjú sí tiwa, láti ọ̀nà Ṣakí ni wọ́n ti ń bọ̀. Dókítà ní kí wọ́n lọ ṣọdún nílé, kí wọ́n padà wá ní December 29 fún abẹ́rẹ́ tó kàn. Ó ní kí n bá òun tọ́jú kẹ́tùlù òun, pé ọjọ́ márùn-ún péré ni. Owó ọkọ̀ ọdún ti fò sókè, èyí tó yẹ kó fi padà ló fi lọ. Oṣù Kejì ló tó rí owó mú ọmọ padà wá, nǹkan yẹn ti padà wú.

Kẹ́tùlù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Pọfpọ́f_Peckham

Ìyá ọmọ, ẹ má bínú. Mo ti pa ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn rẹ́ lọ́kàn mi. Rìsíìtì ti tó mi.

Mẹ́díkà_Ṣàgámù

Ẹ kú ìjíròrò. Ohun tí mọ̀mí yìí sọ nípa ọmọ tí ò tètè padà wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní nílẹ̀ àwọn olówó, ó lé ní 80% nínú àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ mú tó ń yè é, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ bíi tiwa kò tó 30%. Tí wọ́n bá ń ka ìdí ẹ̀, pípẹ́ ká tó mọ ohun tó ń ṣe ọmọ wà níbẹ̀, oògùn tí ò sí wà níbẹ̀, pípa ìtọ́jú tì ní agbedeméjì náà wà níbẹ̀ gbọingbọin. Ní 2018 wọ́n fi lélẹ̀ pé ó yẹ kó tó 60% tó bá fi máa di 2030. Owó ọkọ̀ Ṣakí sí Ìbàdàn tí kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ lè ṣiṣẹ́ ju páálí bisikíìtì ogún.

Burkitt tí Àǹtí Télọ̀ dárúkọ yẹn, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, Denis Burkitt, ló kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1958. Ó máa ń yára dàgbà lọ́nà tó ń dẹ́rù bani, àmọ́ ó tún máa ń yára gbọ́ràn sí kímò lẹ́nu. Òun ló fi jẹ́ pé èyí tí wọ́n bá tètè gbé wá, tí wọ́n parí abẹ́rẹ́ ẹ̀, á tún padà gbá bọ́ọ̀lù.

Alágídí

Èmi ò rí ìdí tí télọ̀ á fi máa dáwó fún iṣẹ́ ìjọba. Ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Gbogbo yín kàn ń tu ìjọba lára.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Òótọ́ lo sọ, ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Lọ sọ fún wọn, àwa á máa bá ọmọ mu ẹ̀kọ títí o fi máa dé.

Àkáǹtì_Mókọlá

😂😂 Mọ̀mí, ẹ ti pa á.

Ọ̀rọ̀ owó lèmi fẹ́ sọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jẹ́ akápò ìjọ, mo ti rí bí owó àánú ṣe ń sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá, ó sì lè má jẹ́ pé ẹnì kankan jí nǹkan kan, wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Télọ̀, kóló tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ẹ yẹn, ta ló ń kà á? Ìwọ nìkan? Ó ti tán nìyẹn. Fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kẹ́ ẹ jọ máa ṣí i ní gbogbo alẹ́ Sátidé, kẹ́ ẹ kà á sókè kí àwọn ọmọṣẹ́ gbọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ ya ojú ìwé yẹn sórí WhatsApp. Má lo ákáǹtì tó o fi ń gba owó aṣọ. Ṣí òmíràn tí owó yìí nìkan á máa wọ̀, kẹ́ni méjì máa fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí owó ilé bá tán, tó o bá wo ákáǹtì tó o rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, èṣù máa bá ẹ sọ̀rọ̀, "yá a, wàá dá a padà". Èmi náà ti gbọ́ ohùn ẹ̀ rí, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun, dárúkọ ẹ̀. Ẹni tí ò bá fẹ́, kọ "ọ̀rẹ́ kan". Ẹni tó fún ẹ ní ₦200, kọ tiẹ̀ náà.

Kó o sì pín in sí méjì nísinsìnyí kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé, kó o sọ ọ́ síta: èyí ni ti ọdún, èyí ni ti January. Tó o bá dúró dìgbà tí owó bá pé, gbogbo ẹ̀ ló máa lọ sórí ìrẹsì.

Télọ̀_Àpáta

Ẹ̀yin àgbà, mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n aṣọ mi o. Ìyá ọmọ, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀.

Ti ọsibítù ti yé mi. Àwọn ọmọ àdúgbò ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá mo pín ìrẹsì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ bí ọgọ́ta ló wá, wọ́n fẹ́ wó tábìlì mi. Lọ́dún yìí mo rò ó pé kí n gba pápá ilé ìwé kan, kí n gbé Bàbá Kérésì wá, kí n kéde ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kí gbogbo wọn lè rí nǹkan.

Ọmọ_Báṣọ̀run

Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Báṣọ̀run ni wọ́n ti bí mi. December 18, 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé jọ sílé ìwé kan ládùúgbò wa, ọdún ni wọ́n fẹ́ bá wọn ṣe, wọ́n ní ẹ̀bùn wà. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa èrò ti kún ẹnu géètì, ìyá gbé ọmọ sẹ́yìn, ó fa òmíì lọ́wọ́. Èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 ló kú. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe iná, ọdún ni wọ́n wá ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ó tún ṣẹlẹ̀ ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Abuja, lọ́jọ́ kan náà, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní.

Bàtà àwọn ọmọ ni mo rí nílẹ̀ nígbà tí mo kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Sálúbàtà kéékèèké, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣoṣo.

Ebi yìí ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ pín fún ọgọ́ta, ẹgbẹ̀ta ló máa wá, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ká wọn lọ́wọ́ kò. Nítorí náà ẹ má kéde. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni jọ síbì kan. Ẹ kọ orúkọ ilé mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá wọn nírọ̀lẹ́, nínú báàgì dúdú, bí ẹni gbé aṣọ tó rán lọ fún kọ́sítọ́mà. Iṣẹ́ yín nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa fura.

Télọ̀_Àpáta

Ara mi bù máṣọ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà, mi ò wá so ó pọ̀ mọ́ ohun tí èmi fẹ́ ṣe. Ó ti parí, kò sí pápá kankan mọ́.

Tísà_Ọ̀yọ́

Mo fẹ́ kín ẹni tó sọ̀rọ̀ tán yìí lẹ́yìn. Ẹ lọ bá tísà kíláàsì, kì í ṣe ọ̀gá ilé ìwé o, ọ̀gá máa fẹ́ ṣe àpèjẹ. Tísà kíláàsì ló mọ ọmọ tó ń fi báàgì ọ̀rá kó ìwé wá. Nínú kíláàsì mi, ọmọbìnrin kan wà tó máa ń pẹ́ dé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo ti nà án lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló jọ ń wọ sáńdà kan, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ fi ṣe asẹ́ńbílì nílé ìwé tòdìkejì. Ìgbà tí mo mọ̀, mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, òfin ti wà látọdún 2004, àmọ́ sáńdà ò sí nínú òfin. Ọmọ ò nílò sáńdà ní December 25. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé ní January ló nílò ẹ̀. Ẹ wọn ẹsẹ̀ wọn sórí páálí kí wọ́n tó gba họlidé, ẹ má méfò o, ẹsẹ̀ ọmọ kì í dúró.

Alhaja_Òjé

Asalaamu alaykum o, ẹ kú ọdún tó ń bọ̀. Èmi Mùsùlùmí ni, mo ń jẹ ìrẹsì Kérésì láti kékeré, kò sẹ́ni tó lè fà mí sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Télọ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti sọ, kò sẹ́ni tó sọ nípa àjákù aṣọ. Mélòó lò ń dà sórí ààtàn lọ́sẹ̀? Èmi ń ta aṣọ òkè ní Òjé, ègé tó ń ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi kún àpò mẹ́ta. Wá kó o. Rán bánǹdì orí, pọ́ọ̀sì kékeré, báàgì ìgò omi. Ó di ₦1,500, ₦2,000. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń ti Èkó àti òkè òkun bọ̀ nílé fún ọdún, nǹkan tí wọ́n ń wá kiri nìyẹn. Wọn ò ní sọ pé àánú ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á ní àwọn rí nǹkan tó rẹwà rà, wọ́n á tún san án ju iye ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti fún ẹ lówó torí àánú lẹ́ẹ̀kan lè máa sá fún ẹ lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ oníbàárà á padà wá.

Àwọn ọmọ tí kímò ti tán irun lórí wọn yẹn náà, rán fìlà fún wọn. Kótíìnù tó rọ̀ ni kó o fi ṣe inú ẹ̀, má fi ojú rírán síbi tó máa kan orí. Èmi á mú ₦40,000 wá, kọ "ọ̀rẹ́ kan".

Ìyá_Ọmọ_Bẹ́ẹ̀dì

Alhaja, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Fìlà! Kò sẹ́ni tó mú fìlà wá rí àfi ti Bàbá Kérésì, ọ̀rá ni inú ẹ̀, ó ń yún wọn lórí.

Télọ̀_Àpáta

Lónìí January 14, mo ní kí n wá jábọ̀. Ẹ má bínú pé ó pẹ́, aṣọ ọdún fẹ́ pa mí.

Kóló: ₦171,400. Àjákù aṣọ: ₦96,500. Ọ̀rẹ́ kan láti Òjé: ₦40,000. Ó jẹ́ ₦307,900, kò tó ti èṣí, ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín, ọjà ò tà bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí. Àfi ìgbà tí àwọn ìyá Peckham fi £180 pọfpọ́f ránṣẹ́ tí owó wá lérí. Àwọn kan nínú ìjọ wa bínú pé wọn ò rí Bàbá Kérésì, wọ́n ní mo ti ń ṣe owó mọ́kumọ̀ku. Mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ fún wọn, wọ́n dákẹ́, àyàfi ẹnì kan.

Ní December a ra kọ́sítáàdì, wàrà, ọṣẹ àti dípà, a san owó tẹ́ẹ̀sì ọmọ méjì lọ́dọ̀ kàṣíà. Èmi àti ọmọṣẹ́ mi kan la lọ, ìkejì ń sín, mo ní kó padà. Mọ́kànlá nínú àwọn kọ́sítọ́mà mi lọ fún wọn lẹ́jẹ̀, ọ̀kan dákú, ó tún jí. Sáńdà mẹ́rìnlá lọ sọ́wọ́ tísà méjì lọ́sẹ̀ tí wọ́n wọlé. Owó tó kù wà lọ́dọ̀ sóṣà-wẹ́fíà fún owó ọkọ̀ nìkan, wọ́n ń fún wọn ti àlọ àti àbọ̀ kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ márùn-ún tó lọ ṣọdún nílé, wọ́n ti padà wá, ọ̀kan láti Ṣakí.

Fìlà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo rán. Gbogbo wọn gbà á àfi ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí mo fún ní pupa. Ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó dá a padà fún mi, ó ní pupa ni ti Arsenal, Chelsea lòun. Búlúù ẹ̀ ló wà lórí máṣíìnì báyìí, ó ku etí ẹ̀ kan.